Ìbátan ọ̀pẹ òyìnbó: èwo lẹ máa kó jọ nínú márùn-ún yìí?

Tí ewé ọ̀pẹ òyìnbó bá ti gún yín lọ́wọ́ rí, ẹ ti pàdé bromeliad nìyẹn, ẹ kàn lè máà mọ orúkọ ẹbí ẹ̀ ni. Ẹbí yẹn tóbi gan-an, irú tó wà nínú ẹ̀ lé ní 3,000, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀, láti gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà títí dé Chile àti Argentina, àfi ẹyọ kan ṣoṣo, Pitcairnia feliciana, tó ń hù lórí àpáta ní Guinea lápá tiwa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹnikẹ́ni ò sì gbé e lọ síbẹ̀ o, ìran ẹ̀ ló sọdá òkun fúnra ẹ̀ ní àìmọye ọdún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni tó kan ọkọ̀ ojú omi. Ìyẹn kì í ṣe ọjà, ẹ má wá a kiri. Àwọn tó wà lọ́jà, tó ṣàjèjì, tí owó wa ká, ni mo fẹ́ fi wéra.

Florida ni mo ń gbé, lẹ́bàá Tampa. Nígbà tí màmá mi wá kí wa, wọ́n rí nǹkan tó ń hù lórí ẹ̀ka igi níwájú ilé, wọ́n ní "àfòmọ́ rèé, ẹ bá mi mú àdá wá." Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Mọ́mì, kì í ṣe àfòmọ́. Àfòmọ́ máa ń ki ẹnu bọ igi á máa fa oje ẹ̀ mu, èyí kàn wá àyè jókòó sí ni, òjò àti eruku inú afẹ́fẹ́ ló fi ń jẹun, kódà ẹ máa rí ọ̀kan nínú wọn, Tillandsia recurvata, lórí wáyà iná lójú títì, àbí oje wo ló wà nínú wáyà? Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé wọn ò gbà mí gbọ́ délẹ̀.

Kí n tó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n nìyí. Owó lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹn ò ṣòro. Èkejì ni ohun tó máa ń pa á, torí kò séwé tí ò ní ohun tó ń pa á, ká sáà mọ̀ bóyá nǹkan ọ̀hún wà nílé yín ni, bóyá òtútù ni, òkùnkùn ni, éèsì ni, tàbí ọwọ́ ẹni tí ò lè ṣe kó má bomi rin nǹkan láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ̀gún àti ẹ̀fọn tún wà níbẹ̀ fẹ́ni tó ní ọmọdé. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni orúkọ: ṣé ẹ máa lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín gan-an? Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ ní ti bromeliad, ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀, orúkọ ló máa júwe ilé fún yín. Tẹ́ ẹ bá ti mọ orúkọ, ẹ ti mọ̀ bóyá orí òkè olótùútù ní Peru ló ti wá àbí abẹ́ igbó ní Brazil, ẹ ti mọ iye omi àti oòrùn tó fẹ́. Tí orúkọ bá sọnù, ẹ kàn ń dá a lábàá ni. Mo ní bíi mẹ́rìnlá tí wọn ò lórúkọ nílé, wọ́n rẹwà o, àmọ́ mi ò kà wọ́n mọ́ ìkójọ mi.

Tó bá jẹ́ aláìlórúkọ lẹ bá pàdé, etí ewé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ rà. Tó bá ń jọ̀lọ̀ tí ò lẹ́gùn-ún kankan, agboolé Tillandsia, Vriesea, Guzmania àti Catopsis ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá leyín bí ayùn, ẹ wo agboolé ọ̀pẹ òyìnbó fúnra ẹ̀, níbi tí Neoregelia, Aechmea, Billbergia àti Cryptanthus wà, àbí kó jẹ́ Dyckia tó ń gbélẹ̀. Tó bá ti so, èso ẹ̀ ò ní purọ́ fún yín: ti agboolé Tillandsia máa ń gbẹ á là, irúgbìn tó nírun bí òwú àràbà á máa fò jáde, ti agboolé ọ̀pẹ òyìnbó jẹ́ èso olómi tí ẹyẹ ń jẹ, ti Dyckia gbẹ ó sì là, àmọ́ irúgbìn ẹ̀ pẹlẹbẹ, ó níyẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òdòdó ló kù. Ẹ fa ewé òdòdó kan ya, ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa, ti Vriesea sábà máa ń ní ìpẹ́ kékeré méjì níbẹ̀, Tillandsia ò ní in. Fọ́tò ewé nìkan tí ẹ fi ń bi ará ayé pé "kí leléyìí" ò lè tó, ẹ ya òdòdó, ẹ ya igi òdòdó, ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Tí kò bá wá tètè yọ òdòdó ńkọ́? Tó bá ti dàgbà tó, ẹ da omi tó bá dúró sáàárín ewé ẹ̀ nù, ẹ fi ọ̀rá bò ó pẹ̀lú ápù tó ti pọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ kan, gáàsì ethylene tó ń jáde lára ápù yẹn á tì í, oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ẹ lè rí òdòdó. Ọgbọ́n kan náà làwọn tó ń gbin ọ̀pẹ òyìnbó fi ń lo carbide lóko, kí gbogbo ẹ̀ lè so pọ̀. Àmọ́ ẹ má kánjú ṣe é o, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó bá ti yọ òdòdó tán ìyá á máa kú lọ díẹ̀díẹ̀, ọmọ ló ń rọ́pò. Ẹ jẹ́ kó bímọ ná.

Ọ̀kan tó kù lórí orúkọ: ní 2016 àwọn onísáyẹ́ǹsì tú agboolé Tillandsia ká, wọ́n tún un pín, èyí tí gbogbo ọlọ́jà ń pè ní Vriesea splendens ti di Lutheria splendens, Tillandsia cyanea ti di Wallisia cyanea. Ẹ má bá ọlọ́jà jà, kì í ṣe irọ́ ló pa, orúkọ àtijọ́ ló ń kọ. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ó yá, ká bọ́ sọ́jà.

Tillandsia ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òun náà lọ̀pọ̀ èèyàn máa fi bẹ̀rẹ̀, torí ó kéré, kò nílò iyẹ̀pẹ̀, wọ́n sì lè fi í sínú àpòòwé ránṣẹ́ sí yín. Irú tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti ìdílé èyíkéyìí lọ nínú ẹbí yìí, lé ní 600, ìrísí wọn ò sì jọra rárá. Tillandsia bulbosa nídìí bí àlùbọ́sà, apá ẹ̀ wá ń lọ́ káàkiri. Ti caput-medusae dà bí orí dàda. Ti tectorum, tó wá láti Ecuador àti Peru, funfun bí ẹni pé yìnyín bọ́ lé e, àwọn ìpẹ́ kéékèèké tó fi ń gba omi ló gùn tó bẹ́ẹ̀. Usneoides lẹ máa rí tó ń fì bí irùngbọ̀n arúgbó lórí igi káàkiri gúúsù Amẹ́ríkà níbí. Èyí tó kéré, bí ionantha, mo ń rí i ní dọ́là 5 sí 8, tó bá fẹ́ yọ òdòdó gbogbo orí ẹ̀ á pọ́n. Xerographica tó tóbi, tí ewé ẹ̀ ń ká bí irun tí wọ́n fi rólà sí, á tó dọ́là 30 sókè.

Ohun tó ń pa Tillandsia ni omi tó dúró sí i láàárín. Ìtàn kan wà níbẹ̀ tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Linnaeus, onísáyẹ́ǹsì ará Sweden tó sọ ọ̀pọ̀ ewé lórúkọ, ló fi orúkọ Elias Tillandz sọ ewé yìí, dókítà kan tí wọ́n ní òkun dà láàmú nígbà tó wọ ọkọ̀ láti Turku ní Finland lọ sí Stockholm ní Sweden, débi pé nígbà tó ń padà, ilẹ̀ ló gbà, ó fẹsẹ̀ rìn yí omi ká. Linnaeus rò pé ewé náà kórìíra omi bí ọkùnrin yẹn. Kò kórìíra omi o. Ẹ rì í sómi bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ wá dorí ẹ̀ kodò níbi tí afẹ́fẹ́ wà kó gbẹ kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá fi í sínú gíláàsì tó ní ìdérí, jíjẹrà ló máa jẹrà. Ti tectorum ò tiẹ̀ fẹ́ kẹ́ ẹ rì í, ẹ fín omi sí i lára díẹ̀.

Ohun tó pa àkọ́kọ́ tèmi kì í ṣe omi. Mo fi wáyà bàbà so mẹ́ta mọ́ pákó kan, ó ń dán, ó wù mí, oṣù méjì ó ti ń dúdú látìdí. Bàbà, májèlé gidi ni fún gbogbo ẹbí yìí. Okùn ìpẹja tàbí gúlúù ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lóko kòkó ẹ rántí oògùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń fín sí kòkó kó má jẹrà, bàbà ló wà nínú ìyẹn, ẹ má jẹ́ kó kàn wọ́n.

Ní ti orúkọ, Tillandsia dáa síbì kan, ó burú síbì kan. Ìrísí wọn yàtọ̀ síra tó kẹ́ ẹ lè fojú mọ bíi 30 láàárín ọdún kan. Àmọ́ àdàpọ̀ ti pọ̀ lọ́jà. Ẹnì kan ta xerographica fún mi, owó ẹ̀ gún mi lára, nígbà tó yọ òdòdó ni mo rí i pé ọmọ xerographica ni tòótọ́ àmọ́ ẹlòmíì ni bàbá ẹ̀. Xerographica gidi wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ewé àti ẹranko tó lè parun, torí náà tó bá fẹ́ kọjá ẹnubodè ó gbọ́dọ̀ níwèé, ẹ bèèrè ìwé yẹn. Ẹ̀yin ará Florida, ẹ má gun igi lọ já utriculata tàbí fasciculata inú igbó, ìpínlẹ̀ ti kà wọ́n mọ́ àwọn tó fẹ́ parun, kòkòrò kan tó wá láti Mexico, tí wọ́n kọ́kọ́ rí níbí ní 1989, ló ń jẹ ọkàn wọn run.

Neoregelia ló tún kàn, ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ Brazil ni. Ewé ẹ̀ tẹ́ kalẹ̀ bí àwo, omi á dúró láàárín, òdòdó kéékèèké á wá rú jáde nínú omi yẹn. Àwọ̀ ló ń fi ta: pupa, aró, tótòtó, onílà, kò sí tí ò sí. Dọ́là 10 sí 25 ni mo sábà ń rà á, ó sì ń bímọ bí ehoro, tẹ́ ẹ bá ra márùn-ún lónìí, ọdún mẹ́ta síi ẹ ti ń bẹ aládùúgbò pé kó wá gbà. Kò rọrùn láti pa. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ kí àgbàlá yín dùn-ún wò, ẹ má kà síwájú mọ́, ẹ lọ rà á.

Àmọ́ fún olùkójọ tó fẹ́ràn orúkọ, wàhálà ni. Wọ́n ti fi ẹ̀yà kan gun èkejì tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó fi jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ àdàpọ̀ ló wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn, oòrùn sì ń yí àwọ̀ padà, kan náà tó pọ́n ní ìta á di àwọ̀ ewé nínú ilé. Kò sẹ́ni tó lè wo Neoregelia tí lébẹ̀lì ẹ̀ ti já kó sọ pé òun mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń ṣeré ni. Lébẹ̀lì yẹn gan-an lẹ ń rà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀ náà ní tiwọn kẹ́ ẹ tó gé wọn kúrò lára ìyá.

Ẹ̀fọn tún wà. Omi tó dúró, ẹ̀fọn á yé sí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní Trinidad, inú oko kòkó gan-an lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀: bromeliad kún orí àwọn igi ńlá tí wọ́n fi ń ṣíji bo kòkó, ẹ̀fọn Anopheles bellator ń pọ̀ sí i nínú omi wọn, ibà ń pa àwọn òṣìṣẹ́. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n fín omi tí wọ́n po bàbà mọ́ sórí igi wọ̀nyẹn, bromeliad kú dànù, bàbà kan náà tó pa tèmi. Nílé, ẹ fi páìpù fọ omi inú ẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó tó.

Cryptanthus ò gba àkókò púpọ̀. Brazil náà ni, ilẹ̀ ló ń gbé, ó tẹ́ bí ìràwọ̀ tó já bọ́, kì í ju àwo ọbẹ̀ lọ. Zonatus onílà funfun àti àwọ̀ ilẹ̀ dà bí ẹni fi aṣọ òfì ṣe ewé. Òun lẹ lè fi sínú gíláàsì onídèérí nínú ilé tí oòrùn ò ti pọ̀, torí ó fẹ́ràn ọ̀rinrin, ó nílò iyẹ̀pẹ̀ tó fúyẹ́, tí kì í gbẹ pátá. Ohun tó ń pa á ni kẹ́ ẹ gbàgbé omi. Owó ẹ̀ kéré fún àwọn tó wọ́pọ̀. Òdòdó ẹ̀ funfun, ó kéré, ó fara pamọ́ sáàárín ewé, ohun tí orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí lédè Gíríìkì náà nìyẹn. Ìṣòro ẹ̀ kan ni pé àwọn ọmọ ẹ̀ kì í dì mú ìyá dáadáa, ẹ kàn fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti bọ́ sínú ìkòkò ẹlòmíì, lébẹ̀lì ti dàrú nìyẹn.

Dyckia wá ni ọ̀rẹ́ mi. Ẹ máa kórìíra ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ẹ̀gún ẹ̀ dà bí ìwọ̀ ìpẹja, ọwọ́ á wọlé ṣùgbọ́n kò ní jáde, ẹ ra ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn kẹ́ ẹ tó ra ewé. Ilé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Àmọ́ tí òtútù bá mú ní January tí Neoregelia mi ń di ẹ̀kọ tútù, Dyckia ò mira. Oòrùn gan-angan ò ṣe é ní nǹkan kan. Igi òdòdó ẹ̀ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe láàárín orí, torí náà kì í kú lẹ́yìn òdòdó, ẹ ó máa rí òdòdó olómi ọsàn lọ́dọọdún lára ewé kan náà. Àṣìṣe tí èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n rí ẹ̀gún, wọ́n rò pé ewé aṣálẹ̀ ni, wọn ò wá fún un lómi. Ó fẹ́ omi, ìkòkò ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ mú omi dúró.

Dọ́là 15 sí 40 lọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìn ín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó ṣàjèjì gan-an, Dyckia estevesii láti Goiás ní Brazil, ewé ẹ̀ tò sọ́tùn-ún tò sósì bí abẹ̀bẹ̀, kò sí òmíràn tẹ́ ẹ lè ṣì í mú fún. Marnier-lapostollei funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Fosteriana náà dáa, Mulford Foster ni wọ́n fi sọ ọ́, ọkùnrin Orlando tó rin Brazil já lọ́dún 1939 àti 1940 tó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Bromeliad Society ní 1950. Àdàpọ̀ wà nínú Dyckia náà o, àmọ́ àwọn tó ń tà á sábà máa ń jẹ́ olùkójọ fúnra wọn, wọn kì í ṣeré lébẹ̀lì.

Èyí tó kẹ́yìn, Vriesea àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Alcantarea. Vriesea hieroglyphica, tẹ́ ẹ bá ti rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tẹ́ ẹ ti rí i: ìlà dúdú wínníwínní lórí ewé tútù, bí ẹni fi ìyẹ́ adìẹ yà á. Ojú kan lẹ máa wò tẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni mo fi fún un ní máàkì lórí orúkọ. Àmọ́ ó lọ́ra, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dàgbà, kì í bímọ bọ̀rọ̀, owó ẹ̀ sì wọ́n tó bá tóbi. Alcantarea imperialis ní tiẹ̀, lára àpáta òkè lẹ́bàá Rio ló ti ń hù, òun ni Roberto Burle Marx, ọkùnrin Brazil tó gbajúmọ̀ fún ṣíṣe gáádìnì, ń kó sínú gáádìnì ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dé Rio ẹ yà sí ilé ẹ̀ ní Barra de Guaratiba, UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2021. Ẹni tó ń gbé fúláàtì, ẹ má dán an wò, ewé ẹ̀ nìkan á gba gbogbo yàrá, igi òdòdó ẹ̀ ga ju ènìyàn lọ.

Ẹnì kan máa bi mí nípa Brocchinia reducta, èyí tó ń jẹ kòkòrò, látorí àwọn òkè pẹrẹsẹ ní Venezuela àti Guyana. Lóòótọ́ ni. Ó dúró ṣánṣán bí páìpù, àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ ìyeyè ni àwọ̀ ẹ̀, ìyẹ̀fun yíyọ̀ wà nínú ẹ̀, omi inú ẹ̀ ń ta sánsán, èèrà á yọ̀ wọlé, kò sì lè jáde mọ́. Mo ti pa méjì. Omi òjò nìkan ló fẹ́, kò fẹ́ fátíláísà, ó fẹ́ oòrùn tó pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kà á mọ́ márùn-ún.

Tó bá jẹ́ fúláàtì ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ wà, pẹ̀lú fèrèsé kan tó ń rí oòrùn díẹ̀, Cryptanthus nínú gíláàsì ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ fi Tillandsia bíi mẹ́ta kọ́ fèrèsé, ẹ rántí pé híítà máa mú kí wọ́n gbẹ nígbà òtútù. Texas tàbí Georgia, tẹ́ ẹ ní ilẹ̀ níta àmọ́ tí òtútù ń dé, Dyckia, ẹ má wo ẹ̀yìn, àyàfi tọ́mọ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Miami tàbí apá ibi tèmi, ẹ fi Neoregelia kún ilẹ̀ lábẹ́ igi, ẹ wá fi owó tó ṣẹ́kù ra Vriesea hieroglyphica kan ṣoṣo. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè sinmi lórí omi, Neoregelia lẹ ó mú. Ẹni tó máa ń gbàgbé, ẹ má mú Cryptanthus. Ẹni tó jẹ́ pé ìdánimọ̀ gan-an ló ń wù ú, tó fẹ́ jókòó ti awò kékeré kó máa ya ewé òdòdó, Tillandsia ni, kò sí ìkejì, àmọ́ ẹ ra èyí tó jẹ́ irú gidi, ẹ sá fún àdàpọ̀ fún ọdún méjì àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn àti Èkó, oòrùn wà, ooru wà, Neoregelia máa gbà fún yín lábẹ́ ìbòji, ọyẹ́ nìkan lẹ máa ṣọ́ra fún tó bá jẹ́ Tillandsia. Ẹ má kó o sínú báàgì láti òkè òkun láìgba ìwé àyẹ̀wò ewé, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní papakọ̀ òfurufú. Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ gé orí ọ̀pẹ òyìnbó kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbìn ín, ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe sí i fún ọdún kan. Ẹ fún un ní lébẹ̀lì pẹ̀lú, orúkọ ẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti rà á, ọjọ́ tẹ́ ẹ gbìn ín, kẹ́ ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, torí oòrùn máa pa bírò àti máńkà rẹ́ láàárín ọdún kan, pẹ́ńsùlù ò ní lọ.